Ṣé Mùsùlùmí Lè Jẹun ní Búkà Àwọn Gíríìkì?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum, Alfa. Astoria ní Queens, nílùú New York, ni mò ń gbé. Búkà Gíríìkì kan wà ládùúgbò wa tí oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, ibẹ̀ sì ni èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ. Ẹja yíyan, ẹ̀wà àti sàláàdì ni mo sábà máa ń jẹ, ìgbà mìíràn mo máa ń jẹ ọ́kítópọ́ọ̀sì. Ọmọ Bangladesh kan tí a jọ ń kírun sọ fún mi pé ọ́kítópọ́ọ̀sì kò tọ́ jẹ, pé àwo wọn gan-an kò mọ́ nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń sè. Ẹlòmíràn ní kí n máa jẹ ẹran wọn láìbéèrè, torí pé Nàsárà ṣáà ni wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a sì tún máa mu wáìnì lórí tábìlì. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullahi wa barakaatuhu. Arákùnrin mi, àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn ló sáré jù. Ìran ẹni tó ni búkà kọ́ ló ń sọ oúnjẹ di haláàlì tàbí haráàmù. Ohun tó wà nínú àwo yín ni kí ẹ wò, àti irin tí wọ́n yan án lé, àti ohun tí wọ́n gbé sórí tábìlì tí ẹ jókòó tì.

Inú omi ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló rọrùn jù. Ọlọ́hun sọ nínú Suuratul-Maa'idah, aaya 96, pé ohun tí ẹ bá dọdẹ rẹ̀ nínú òkun àti oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ fún yín. Nígbà tí wọ́n bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa òkun, ó ní omi rẹ̀ mọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Lójú mọ́dhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imaamu Maalik, èyí tí àwa Yorùbá bá lọ́wọ́ àwọn àlùfáà wa, gbogbo ẹran inú òkun ló tọ́ jẹ: ẹja, edé, kalamárì, àti ọ́kítópọ́ọ̀sì yín náà. Ọmọ Bangladesh yẹn kò purọ́ o. Mọ́dhábù Imaamu Abu Hanifa ni wọ́n ń tẹ̀ lé lọ́dọ̀ wọn, ẹja nìkan ni wọ́n sì kà sí ẹ̀tọ́ nínú ẹran omi. Kó di tirẹ̀ mú, kí ẹ di tiyín mú, ẹ má bá ara yín fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí.

Ìbéèrè tó kan ọ́kítópọ́ọ̀sì ni bí wọ́n ṣe sè é. Èyí tí wọ́n yan lórí èédú, tí wọ́n da òróró ólífì àti lẹ́mọ́ọ̀nù lé, kò ní wàhálà. Èyí tí wọ́n ń pè ní krasato, wáìnì pupa ni wọ́n fi sè é. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa béèrè nípa stifado náà, ọbẹ̀ alálùbọ́sà wọn, torí wáìnì sábà máa ń wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Saganaki ńkọ́, wàràkàṣì tí wọ́n ń dín? Láwọn ilé oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, wọn a da bùráńdì lé e, wọn a ṣáná sí i níwájú yín, iná a bù yẹ̀rì, gbogbo ilé a pariwo «Opa!» Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé iná ti jó ọtí yẹn tán. Ẹ ní kí wọ́n dín tiyín láìsí bùráńdì, tí wọn ò bá gbà, ẹ jẹ nǹkan mìíràn. Fínígà inú sàláàdì kò burú: ọtí tó ti kan di fínígà kì í ṣe ọtí mọ́, Ànábì sì yin fínígà pé ọbẹ̀ tó dára ni.

Feta, wàràkàṣì funfun àwọn Gíríìkì, ńkọ́? Wàrà àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tó sì ń mú un dì ni wọ́n ń yọ látinú àpòlúkù ọmọ àgùntàn láyé àtijọ́. Àwọn kan ń tìtorí ìyẹn sá fún un. Èmi kò rí ìdí láti le mọ́ yín. Wọ́n gbé wàràkàṣì wá fún Ànábì ní Tabuk, ó béèrè ọ̀bẹ, ó ṣe bisimillahi, ó gé e.

Ẹran ló nira. Òótọ́ ni pé Maa'idah kan náà, aaya 5, sọ pé oúnjẹ àwọn tí a fún ní Tírà jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa, àwọn onímímọ̀ sì gbà pé ẹran tí Yẹ̀húdí tàbí Nàsárà dúńbú wà nínú rẹ̀. Àmọ́ aaya 3 ti ṣáájú ka àwọn wọ̀nyí léèwọ̀: òkú ẹran, ẹ̀jẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí wọ́n fún lọ́rùn pa, èyí tí wọ́n lù pa. Nàsárà ò lè sọ ìwọ̀nyẹn di haláàlì fún wa. Lórílẹ̀-èdè Gíríìsì, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe souvlaki, ẹran tí wọ́n ń gún mọ́ igi yan, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ni loukaniko, sọ́sééjì wọn. Gyro tí ẹ ń rí tó ń yí lórí irin ní Amẹ́ríkà, màlúù àti àgùntàn tí wọ́n lọ̀ pọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́, láti ilé iṣẹ́ ni ó sì ti ń wá ní dídì.

Ta ló wá dúńbú màlúù náà? Kì í ṣe baba Gíríìkì tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Òfin ọdún 1958 ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n mú màlúù àti àgùntàn dákú kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n, àfi èyí tí wọ́n bá dúńbú nílànà ẹ̀sìn. Òfin náà kò kan adìyẹ. Irin tó ń ta bí ìbọn ni wọ́n máa ń yìn mọ́ màlúù níwájú orí. Bó bá kú kí wọ́n tó gé e lọ́rùn, òkú ẹran ni. Bó bá ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí búkà kò lè mọ èyí tó jẹ́. Àwọn kan máa ń fi hadíìsì ìyá wa Aishah gbe ara wọn, pé «ẹ ṣe bisimillahi sí i, kí ẹ jẹ ẹ́». Ẹran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù ni hadíìsì yẹn ń sọ, bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun tàbí wọn ò dárúkọ rẹ̀. Kò sọ nípa bí ẹran ṣe kú. Mi ò pe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní ẹlẹ́ṣẹ̀, torí ó ní àwọn onímímọ̀ tó ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà Steinway, níbi tí àwọn ará Íjíbítì ti ń ta ẹran haláàlì, kí lẹ ń fi iyèméjì ṣe?

Ohun kan wà tí ẹ lè béèrè: púpọ̀ nínú ẹran àgùntàn tó ń wá láti New Zealand, Mùsùlùmí ló dúńbú rẹ̀, òǹtẹ̀ haláàlì a sì wà lára páálí rẹ̀. Bí baba náà bá fi páálí hàn yín, ẹ jẹ ẹ́. Bí ó bá ní ẹ gbà á gbọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bèèrè ẹja.

Nípa àwo, Abu Tha'laba, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, bi Ànábì pé àárín àwọn oní-Tírà ni àwọn ń gbé, wọ́n ń se ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìkòkò wọn, wọ́n sì ń mu ọtí nínú ife wọn. Ó ní bí wọ́n bá rí òmíràn, kí wọ́n lo òmíràn. Bí wọn ò bá rí, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n jẹun. Búkà ń fọ àwo wọn lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ẹ bi ọmọ Bangladesh yẹn bóyá àwo ilé ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Irin tí wọ́n fi ń yan nǹkan ni kí ẹ ṣọ́. Bí ọ̀rá souvlaki ẹlẹ́dẹ̀ bá ṣì ń ho lórí rẹ̀, kí ẹja yín má ṣe sùn níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà fóìlì tẹ́ abẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n yan án nínú páànù ọ̀tọ̀. Wọn kì í bínú sí i.

Ọgbọ́n kan tún nìyí. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Gíríìkì máa ń gbààwẹ̀ ní Àlàrùbá àti Jímọ̀, àti fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú Àjíǹde wọn. Oúnjẹ ààwẹ̀ wọn, nistisima, kì í ní ẹran, kì í ní wàrà, kì í ní ẹyin: ẹ̀wà ńlá ńlá inú tòmáátì tí wọ́n ń pè ní gigantes, ọbẹ̀ ẹ̀wà fasolada, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé àjàrà dì. Bí ẹ bá béèrè nistisima, ìdajì wàhálà yín ti tán. Ẹ ṣì bi wọ́n nípa wáìnì, torí ó lè wà nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tábìlì. Ànábì sọ pé ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ kó má ṣe jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí yíká. Ọtí tó wà ní tábìlì ẹlòmíràn kò kàn yín. Tábìlì tiyín ló kàn yín. Ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ lọ́sàn-án, kí iṣẹ́ tó parí, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń mutí. Bó bá jẹ́ alẹ́, tí wọ́n sì ti béèrè ìgò, ẹ sọ fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ẹ óò jókòó sí tábìlì tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sì máa ń pín owó oúnjẹ dọ́gba-dọ́gba níkẹyìn. Ẹ má gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ pé kó kọ tiyín sọ́tọ̀, kí owó wáìnì ẹnikẹ́ni má jáde nínú àpò yín.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.