Ṣé àyẹ̀wò jíìnì lè sọ bóyá mo ní celiac?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Akúrẹ́ ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní London pé ó ní àìsàn celiac, pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun tó ní gluten (èròjà kan tó wà nínú wíìtì) mọ́. Inú tèmi náà máa ń wú, ó máa ń kùn, mo sì máa ń yàgbẹ́ gbuuru, pàápàá bí mo bá jẹ búrẹ́dì tàbí sẹ́mó. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti jáwọ́ nínú méjèèjì, ara sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á fi àyẹ̀wò jíìnì tí wọ́n ń fi itọ́ ṣe ránṣẹ́ sí mi. Ṣé ó máa sọ bóyá mo ní in? Ṣé kí n ṣe é fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an, mà. Jẹ́nótáìpù ló ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ọkùnrin àti obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, pásítọ̀ ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, ìwé jáde. Bó bá jẹ́ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Bí wọ́n bá ti wá dárúkọ jíìnì, a ó rò pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí.

Ti celiac yàtọ̀. Jíìnì méjì ni wọ́n máa ń wá, HLA-DQ2 àti HLA-DQ8. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn tó ní celiac. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn òyìnbó, bí 30 sí 40 nínú 100 ènìyàn ló ní jíìnì yìí, bẹ́ẹ̀ bí ẹnì kan nínú 100 ni àìsàn náà ń mú. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ búrẹ́dì títí wọ́n fi dàgbà dàgbà, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Nítorí náà, èsì tó bá ní "kò sí" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹjọ́. Èsì tó bá ní "ó wà" kò tíì dá ẹjọ́ kankan.

Ẹ wá wo tiyín. Mo gbà pé ọmọ ìyá, ọmọ bàbá lẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín. Ọ̀dọ̀ òbí yín ni jíìnì ẹ̀gbọ́n yín ti wá, òbí náà sì lè ti fún ẹ̀yin náà. Bí ìdajì sí ìdajì ni. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí itọ́ yín bọ̀ pẹ̀lú "ó wà". Owó á ti lọ, ìbéèrè á sì wà níbi tó wà. Òmíràn nínú àwọn àyẹ̀wò itọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tilẹ̀ yẹ gbogbo ẹ̀yà DQ2 wò, nítorí náà "kò sí" tiwọn pàápàá kò lágbára tó ti ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí n kò fi ní ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Nínú àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní celiac, ó tó bí ẹnì kan nínú 10 tó máa ń ní in. Ó yẹ kí ẹ ṣe àyẹ̀wò. Èwo ló yẹ kó ṣáájú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Inú àlìkámà, tí a ń pè ní wíìtì, ọkà báálì àti ráì ni gluten wà. Lára ẹni tó ní celiac, bí gluten bá dé inú ìfun, àwọn ọmọ ogun ara á ṣìnà, wọ́n á dojú ìjà kọ ìfun fúnra rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ tó wà nínú ìfun, tó ń fa oúnjẹ sínú ara, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun yìí ń lò ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. tTG-IgA ni wọ́n ń pè é. Kí ẹ ní kí wọ́n wọn IgA, ìyẹn irú ohun ìjà tí tTG-IgA jẹ́, lápapọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe IgA tó, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì parọ́. Bí tTG bá ga, dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà láti ẹnu dé ìfun kékeré, á gé ẹran bíńtín-bíńtín níbẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìṣòro tiyín ni oṣù mẹ́rin yẹn. Ẹ ti pa iná, ẹ wá fẹ́ máa wá èéfín. Bí gluten bá ti kúrò lẹ́nu, tTG á máa wálẹ̀, ìfun á máa san, èsì á sì ní kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà. Kódà ẹni tí kò jáwọ́ nínú búrẹ́dì lè kó sí i ní agbègbè wa. Iyán, ẹ̀bà, púpúrú, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, dòdò: kò sí gluten nínú wọn. Ẹni tó ń jẹ iyán ní gbogbo ìgbà, tó jẹ́ Sunday nìkan ló ń jẹ búrẹ́dì, gluten tó ń jẹ lè má tó kí èéfín tó rú.

Bí ara yín bá gbà á, ẹ padà sí wíìtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, lójoojúmọ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́: búrẹ́dì láàárọ̀, sẹ́mó tàbí Indomie lálẹ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti padà sí ohun tó ń dani láàmú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, ní Akúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, kí ẹ béèrè dókítà tó ń rí sí ikùn. Ẹ bi yàrá àyẹ̀wò bóyá àwọn fúnra wọn ló ń ṣe tTG tàbí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíràn, kí ẹ lè mọ ìgbà tí èsì máa jáde.

Bí wíìtì bá wá dà yín láàmú débi pé ẹ ò lè fara dà á, ìgbà yẹn ni àyẹ̀wò jíìnì wúlò. Oúnjẹ kì í yí jíìnì padà, nítorí náà oṣù mẹ́rin yẹn kò bà á jẹ́. Bó bá ní "kò sí", ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà búrẹ́dì. Ẹ ṣe ti ilé ìwòsàn, ẹ fi ti itọ́ yẹn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí búrẹ́dì ń wú nínú ló ní celiac. Ṣúgà kan wà nínú wíìtì tó máa ń di gáàsì nínú ìfun. Ó wà nínú àlùbọ́sà, irú rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀wà. Bí àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bá ń ṣe yín bákan náà, ẹ sọ fún dókítà. Wàrà náà ń da ọ̀pọ̀ nínú wa láàmú. (Kí wọ́n má kàn dá a lé tífọ́ìdì o! Gbogbo inú rírun ni a ti sọ di tífọ́ìdì.) Àmọ́ ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní celiac kì í mú aláwọ̀ dúdú tàbí ará Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ Saharawi wò ní ìwọ̀ oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà, ó ju márùn-ún lọ nínú 100 tó ní in.

Ní ti ọmọ yín, tiyín ló ṣáájú. Bó bá hàn pé ẹ ní celiac, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun náà wò. Bí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn bá sì ní jíìnì náà kò sí lára yín, kò lè ti ọ̀dọ̀ yín gbà á, àfi bó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá. Bí kò bá dàgbà bó ṣe yẹ, tí ikùn rẹ̀ ń wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ má dúró de tiyín, ẹ gbé e lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má gba wíìtì lẹ́nu rẹ̀ o, torí yóò ba àyẹ̀wò tirẹ̀ náà jẹ́. Kó máa mú búrẹ́dì rẹ̀ lọ sí iléèwé.