Káfíńtà tó mọṣẹ́, tí oníbàárà kò pè padà

Àbúrò, o ní o ń ṣe káfíńtà ní Ọ̀yọ́, o mọṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́lé láti òkè òkun kì í dá ẹ lóhùn mọ́ tí o bá ti fi iye owó ránṣẹ́. Ẹnì kan wá sọ fún ẹ pé bí o ṣe ń kọ̀wé ló fà á, o sì bínú. Má bínú sí i. Òótọ́ ló sọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bójú tó ilé kíkọ́ fún àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun. Èmi ni mò ń gba iye owó lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, tí mò ń fi í ṣọwọ́ sí onílé. Onílé yẹn kò dé ìsọ̀ yín rí, kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yín rí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí WhatsApp, ojú dà?

Nílé kan báyìí, káfíńtà méjì la ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n máa gbà. Èyí tí mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa jù kọ «900 jálẹ̀.» Ó tán. Èkejì kọ ọ́ báyìí: «Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà méje ní gíga, mẹ́ta ní fífẹ̀. Igi ìrókò ni mo fi ṣírò o. Owó igi rèé, owó kọ́kọ́rọ́ rèé, owó iṣẹ́ mi rèé. Tó bá jẹ́ igi apá lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ n mọ̀ kí n tún un ṣírò.» Kíá ni onílé pè mí: «Èyí mọ ohun tó ń ṣe.» Kò sì tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ ìkankan nínú wọn! Mo gbìyànjú láti gbèjà ẹni àkọ́kọ́, kò gbà.

Ṣé ó tọ́? Lójú tèmi, kò tọ́ tán. Mo ti pàdé ẹlẹ́nu dídùn tó gbowó igi, tó di àwátì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ dídùn kì í fi í wọ̀ mí létí mọ́. Ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n là sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn onípákó, kí n bi wọ́n bóyá irọ́ ni.

Àwọn kan á ní kí o lọ kọ́ gírámà bíi ti Akíntọ́lá. Ọmọ ìlú wa ni lóòótọ́. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service kó tó di lọ́yà, ó sì di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1959. Àwọn àgbà tí kò fara mọ́ òṣèlú rẹ̀ pàápàá ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń sọ jù, kì í ṣe Òyìnbó. Tí oníbàárà bá gbọ́ Yorùbá, Yorùbá ni kí o kọ sí i. Kí i, lo «ẹ» fún un, kódà tí o kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ohùn lo fẹ́ gbà sílẹ̀, jáde kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń la pákó ná.

Fi èyí tí o fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn síbí, yọ orúkọ oníbàárà kúrò. Màá sọ ibi tí ǹ bá ti dá a padà fún ẹ.