Ọ̀sẹ̀ Méjì Péré Ni Mo Ní: Iṣẹ́ Oko Wo Ni Kí N Kọ́kọ́ Ṣe Kí Ọyẹ́ Tó Dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ti dàgbà, wọn ò lè dá oko ẹbí ṣe mọ́. Oko náà wà lọ́nà Ìsẹ́yìn: igi kajú bí éékà 2, iṣu, ẹ̀gẹ́, àti àgbàdo tí a gbìn lópin oṣù Kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lè fi sílé ní àárín oṣù Kọkànlá. Òjò ti dáwọ́ dúró. Kí ni kí n kọ́kọ́ mú ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ jẹ́ kí àgbàdo dúró ná. Àyíká igi kajú ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí. Gbogbo ohun yòókù lẹ lè gbìn padà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n igi tó ti ń so láti ọdún pípẹ́, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni iná ìgbẹ́ fi ń jó o di eérú. Mo ti bá àwọn tó ni irú oko bẹ́ẹ̀ dúró láàárín eérú, mi ò sì fẹ́ rí i lójú Bàbá yín.

Ní oṣù Kọkànlá, koríko ò tíì gbẹ tán, ọkọ́ ṣì ń wọlẹ̀. Tó bá di oṣù Kìíní, ẹ̀kan ti gbẹ bí ìwé, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì máa ti iná síwájú. Ẹ ro ilẹ̀ yí oko ká dórí iyẹ̀pẹ̀, kó fẹ̀ tó mítà 5 ó kéré tán, kó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níhà àríwá àti ìlà-oòrùn tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ bi Bàbá pé níbo ni iná máa ń gbà wọlé; wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti kú àtèyí tó ń wọ́ nílẹ̀, kí ẹ fi tòkè sílẹ̀, nítorí kajú ti fẹ́ tanná. Ẹ má sun koríko tí ẹ ro. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọdẹ àti àwọn olóko tó yí yín ká pé ẹ ti ro ààlà.

Lẹ́yìn náà ni àgbàdo. Ẹ bó o, kí ẹ sá a sórí tàpólì, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ojú lásán sọ pé ó ti gbẹ. Ẹ bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ da hóró àgbàdo sí i, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà sóòrùn. Àgbàdo tútù tí a dì sínú àpò á bu, èyí tó bu sì lè ní májèlé aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè kì í pa á. Ẹ má fi í bọ́ adìyẹ pàápàá. Tó bá gbẹ tán, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló dára jù: ẹ so ó pinpin, kòkòrò á kú nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ ò ní í fi oògùn apakòkòrò kankan sí oúnjẹ.

Iṣẹ́ ti iṣu ò le. Èyí tí ọkọ́ ṣá, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹ to ìyókù sí ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kó má kanlẹ̀. Tí iṣu jíjẹ bá ń hù, kí ẹnìkan nílé máa ṣẹ́ ohun tó hù náà. Èbù nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Bí ọjọ́ bá ṣì kù, ẹ wa ẹ̀gẹ́ tó ti lé lọ́dún kan. Lóṣù Kejì ilẹ̀ á ti le, á sì máa ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó kéré, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.