Pọ́ìǹtì ìwádìí wa ti gbẹ: báwo la ṣe máa dé òṣùpá nínú Kerbal Space Program?

Ìbéèrè: Òkun o. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsánlú. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, a máa ń tan jẹnẹrétọ̀, a ó sì fi láptọ́ọ̀pù méjì ṣe géèmù Kerbal Space Program, níbi tí a ti ń to rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a sì ń fi í lọ sí òfuurufú. Nínú ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é, Science la yàn, kì í ṣe Career. Rọ́kẹ́ẹ̀tì 14 la ti rán gòkè. Pọ́ìǹtì wa ò kúrò ní 60 àti díẹ̀, àyẹ̀wò tuntun sì ti ń fún wa ní òdo. Gbogbo ohun tí a bá rí la máa ń fi áńtẹ́nà ránṣẹ́ sílé lójú ẹsẹ̀. Ṣé ká padà sí Career ni, àbí kí la ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Òkun o, Tíṣà. Ẹ má kúrò ní Science. Owó àti orúkọ rere ni Career máa fi kún wàhálà yín. Pápá ìgbéra tí wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni níbẹ̀ kì í gba rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 18, ilé tí a ti ń tò ó kì í sì gba ẹ̀yà tó ju 30, àfi tí ẹ bá sanwó tún wọn ṣe. Ní Science, gbogbo ilé wọ̀nyẹn ti pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pọ́ìǹtì nìkan lẹ ó máa wá. Fún kíláàsì tí epo ń jó mọ́ lórí, kò sí èyí tó dáa tó o. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ibì kan náà lẹ ti ń ṣe àyẹ̀wò kan náà, áńtẹ́nà sì ń jẹ púpọ̀ nínú èyí tó kù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilẹ̀ tó wà ní Yàgbà kì í bu erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú oko iṣu kan ṣoṣo. Á bu ti àkùrọ̀, á bu ti ìdí àpáta, á bu ti etí odò. Bí géèmù yìí ṣe ń ka pọ́ìǹtì nìyẹn. Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: Crew Report, ìròyìn láti inú ọkọ̀, jẹ́ 5, EVA Report, ìròyìn ẹni tó jáde síta, jẹ́ 8, tẹmómítà jẹ́ 8, agolo Mystery Goo jẹ́ 10, Materials Bay, àpótí tí a ti ń dán ohun èlò wò, jẹ́ 25, erùpẹ̀ ilẹ̀ jẹ́ 30. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi iye ibi tí ẹ wà sọ ọ́ di púpọ̀. Lórí ilẹ̀ Kerbin, pílánẹ́ẹ̀tì ilé yín, ìlọ́po 0.3 péré ni. Nínú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀, 0.7. Láti kìlómítà 18 sókè, 0.9. Tí ẹ bá kọjá kìlómítà 70, afẹ́fẹ́ ti tán, ó di 1. Tí ẹ bá kọjá 250, ó di 1.5.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Kò pọn dandan kí ọkọ̀ yí Kerbin po kó tó gba ìlọ́po 1.5. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá lè gòkè tààrà dé kìlómítà 260 kó sì já bọ̀, ipò márùn-ún ni ẹ ti kàn ní ìrìn kan: ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè, òfuurufú ìsàlẹ̀, òfuurufú òkè. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má tètè ṣí páráṣúùtì. Ẹ dúró kí àwọ̀ pupa kúrò lára àmì rẹ̀, torí eré àsápajúdé máa ń já a dànù.

Ìdí tí ẹ fi ń rí òdo ni pé Crew Report, EVA Report àti tẹmómítà máa ń tán pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà tí èsì wọn bá délé. Mystery Goo, Materials Bay àti erùpẹ̀ máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Kí ẹ má bàa máa méfò, ẹ wọ ilé Research and Development, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Science Archives sí. Gbogbo ibi tí ẹ ti ṣe wà níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ yà á sí pátákó: ayé wo, ipò wo, sàkáání wo. Sàkáání ni mo ń pe ohun tí géèmù ń pè ní biome: aṣálẹ̀, òkè, omi, pápá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà ló kù. Ìròyìn inú ọkọ̀ àti ti ìta ọkọ̀ kì í dín kù tí ẹ bá fi ránṣẹ́, 100% ló ń dé. Tẹmómítà, 50%. Materials Bay, 35%. Mystery Goo, 30%. Erùpẹ̀, 25%. Èyí tó tún burú ni pé tí ẹ bá ti fi ti Mystery Goo ránṣẹ́, agolo náà ti kú nìyẹn, àfi kí Bob tó jẹ́ onísáyẹ́ǹsì tún un ṣe. Láyé gidi náà, bẹ́ẹ̀ ni: kìlógíráàmù 382 ni àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú Apollo gbé wálé láti òṣùpá, torí kò sí áńtẹ́nà tó lè fi òkúta ránṣẹ́. Nítorí náà, kí Kerbal, ẹ̀dá kékeré tó ń wa ọkọ̀ nínú géèmù náà, jáde, kó sún mọ́ agolo náà, kó mú èsì inú rẹ̀, kó sì gbé e wọ ibi tó ń jókòó sí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè já agolo àti Materials Bay sọnù sókè. Ibi ìjókòó nìkan ló ní láti balẹ̀, páráṣúùtì kan á sì tó o.

Pọ́ìǹtì tó yá jù wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ọ̀pọ̀ kì í sì í rí i. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú ọgbà ìgbéra jẹ́ sàkáání kékeré tirẹ̀. Ẹ gbé ibi ìjókòó kan ṣoṣo sórí pápá láìsí ẹ́ńjìnnì, kí Kerbal jáde kó máa fẹsẹ̀ rìn. Níbi kọ̀ọ̀kan, EVA Report jẹ́ 2.4, erùpẹ̀ jẹ́ 9, àpapọ̀ 11.4. Orí pápá ìgbéra, ojú ọ̀nà tó jáde níbẹ̀, ìdí ilé ìtòpọ̀ ńlá, ilẹ̀ koríko ọgbà, orí ojú ọ̀nà bàálù: márùn-ún nìyẹn, pọ́ìǹtì 57 láìjó epo kankan. Ìrìn náà gùn díẹ̀, ó sì máa ń sú àwọn ọmọ. Kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Kí lẹ ó fi rà? Iye pọ́ìǹtì lórí igi ìmọ̀, ibi tí a ti ń fi pọ́ìǹtì ra ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun, ń lọ báyìí: 5, lẹ́yìn náà 15 sí 20, 45, 90, 160, 300, 550, 1000. Ẹ kọjú sí Advanced Rocketry tó jẹ́ 45, torí ẹ́ńjìnnì Terrier wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà Electrics tó jẹ́ 90, torí sólà OX-STAT. Ti bàálù, ẹ fi í sílẹ̀ ná, bó ti wù kí àwọn ọmọ pariwo tó. Òfuurufú nìkan ni Terrier wà fún. Ẹni tó bá fi í gbéra láti ilẹ̀ á rí i pé ọkọ̀ ò ní ṣí kúrò lójú kan.

Nígbà tí ẹ bá ti lè yí Kerbin po, kí Kerbal jáde síta, kó máa ṣe EVA Report lórí sàkáání kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń kọjá. Pọ́ìǹtì 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, áńtẹ́nà ò sì ní jẹ nínú rẹ̀.

Òṣùpá méjì ni Kerbin ní, Mun àti Minmus. Kì í ṣe Mun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sún mọ́ yín. Minmus ni. Ó jìnnà, ó tó kìlómítà 47,000, Mun kò sì ju 12,000 lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ibì kan ṣe jìnnà tó ló ń pinnu epo tí ẹ ó jó. Agbára ìfanimọ́ra Minmus ò tó ìdá mẹ́ta ti Mun, nítorí náà ìbalẹ̀ níbẹ̀ ń gba nǹkan bí 180 m/s (ìyẹn àyípadà eré tí epo ní láti fún ọkọ̀), ti Mun ń gba nǹkan bí 580. Láti ilẹ̀ Kerbin lọ sí Minmus kí ẹ sì padà, nǹkan bí 5,000 m/s. Ti Mun, nǹkan bí 6,000. Pọ́ìǹtì ibẹ̀ tún pọ̀ jù: ìlọ́po 5 lórí ilẹ̀, ti Mun jẹ́ 4. Ẹ bá mi ṣírò ìbalẹ̀ kan: 25 fún Crew Report, 40 fún EVA Report, 40 fún tẹmómítà, 50 fún Mystery Goo, 125 fún Materials Bay, 150 fún erùpẹ̀. Ó di 430, sàkáání mẹ́sàn-án sì ni Minmus ní. Nítorí pé ó fúyẹ́, ọkọ̀ tó bá ṣẹ́ epo díẹ̀ kù lè fò láti ọ̀kan sí èkejì.

Ọ̀nà tí Minmus ń gbà yí Kerbin po tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìwọ̀n 6°, ẹ mú ọ̀nà yín bá a mu kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó dà bíi yìnyín ni kí ẹ bà lé, torí ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òdo ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga dọ́gba, ohun tí ẹ bá kà ni gíga yín gan-an. Bí ẹ bá ń padà, ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀nà yín wọ inú afẹ́fẹ́ Kerbin ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí 35, pẹ̀lú ààbò ooru lábẹ́ ibi ìjókòó. Lókè jù, ẹ ó tún jáde lọ. Nísàlẹ̀ jù, ẹ ó jóná.

Kí ẹ máa tẹ F5, tó ń fi ibi tí ẹ bá géèmù dé pamọ́, ṣáájú gbogbo ìgbéra àti gbogbo ìbalẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ ò mọ ibi tí Bob wà. F9 ló ń dá yín padà síbẹ̀.