Kí Ẹ Tó Ra Skíríìnì, Ẹ Lọ Dúró Síbi Tí Oníbàárà Máa Dúró Sí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ẹ fẹ́ gbé skíríìnì mẹ́ta sínú ṣọ́ọ̀bù yín: ọ̀kan lójú fèrèsé, ọ̀kan níbi ìsanwó, ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ra tẹlifíṣọ̀n inú ilé, kí ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí ẹ sì máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ polówó níbẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, owó tí mo sì fi kọ́gbọ́n nídìí rẹ̀ kò kéré rárá. Mi ò fẹ́ kí tiyín lọ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé ọjà ni mo gbà lọ tààrà. Mo wo bí tẹlifíṣọ̀n ṣe tóbi tó, mo wo iye tí wọ́n ń tà á, mo sanwó. Mi ò dúró síta níwájú fèrèsé lọ́sàn-án gangan kí n wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Mi ò ka ìṣísẹ̀ tí ẹni tó ń kọjá máa gbé kó tó kọjá fèrèsé náà tán. Nígbà tí mo wá kà á, owó ti lọ. Ìṣísẹ̀ méje ni, bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Fídíò tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi sì gba ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, ó kù díẹ̀ kó parí kí orúkọ ọjà tó jáde. Ọgọ́rọ̀ èèyàn ló ń kọjá níbẹ̀ lójúmọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ohun tí mò ń tà fún yín.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò kọjá èyí: ibi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí, àti iye àkókò tó ní, ni yóò sọ irú skíríìnì tí ẹ máa rà, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, àti bí ìpolówó ṣe máa gùn tó. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti fèrèsé. Nits ni wọ́n fi ń wọn bí skíríìnì ṣe ń tàn tó. Tẹlifíṣọ̀n inú ilé tí owó rẹ̀ kò ga jù sábà máa ń wà láàárín 250 sí 350, torí pé inú pálọ̀ tí wọ́n ta kọ́tìnì sí ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná pọ̀ sí, 500 sí 700 ni mo máa ń wá. Èyí tó bá máa wà lẹ́yìn gíláàsì tí oòrùn ń kọjú sí, láti nǹkan bí 2,500 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lọ sókè. Tèmi jẹ́ 300. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, ojú ara wọn làwọn èèyàn ń rí nínú rẹ̀.

Skíríìnì tó bá ń tàn tó bẹ́ẹ̀ á máa fa iná gan-an, á sì máa gbóná, nítorí náà ẹ má fi pákó dí i lẹ́yìn. Lálẹ́, ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa dín ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ kù, torí àwọn tó ń wakọ̀ kọjá. Nǹkan míì wà tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Tí oòrùn bá pa skíríìnì LCD, irú tó wọ́pọ̀ jù, títí tí nǹkan olómi inú rẹ̀ fi gbóná jù, ojú ibẹ̀ á di dúdú. Ẹ máa rí àbàwọ́n kan tó ń gbòòrò lọ́sàn-án, tí á sì tún pòórá nígbà tó bá tutù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pe oníṣẹ́ kó wá tú u, kó tó dé, ó ti kúrò. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ìta ń lo oríṣi tó lè fara da ooru títí dé 110°C. Ẹ máa rí Hi-Tni nínú ìwé rẹ̀. Ẹ tún wọ awò oòrùn polarized, irú tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà sójú, kí ẹ fi wò ó kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n ṣe gbé skíríìnì kọ́, lóòró tàbí níbùú, lè mú kó dúdú kirimú lójú ẹni tó bá wọ irú awò bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún sọ pé òòró lẹ fẹ́ gbé e kọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuyì lójú fèrèsé. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe tẹlifíṣọ̀n inú ilé, ìbú ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde dáadáa. Èyí tí mo gbé kọ́ lóòró lo oṣù mẹ́jọ, apá kan rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì kú. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ẹni tó tà á fún mi ṣí ìwé wáráńtì, ó fi ọwọ́ tọ́ ìlà kan tí mi ò kà rí: fún ìlò inú ilé nìkan. Kò purọ́. Èmi ni mi ò kàwé. Àwọn tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ajé, wọ́n máa ń kọ 16/7 tàbí 24/7 sí i, ìyẹn wákàtí 16 lójúmọ́ tàbí tọ̀sán-tòru, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀. Wọ́n á sì sọ bóyá ó ṣeé gbé kọ́ lóòró. Owó rẹ̀ ga, mo gbà. Ẹ fi iye oṣù tó máa lò pín owó náà kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Ẹ má ra OLED, ìyẹn irú skíríìnì tí àmì kékeré kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, fún irú iṣẹ́ yìí o, bó ti wù kó rẹwà tó. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín tó bá ń dúró sígun kan láti àárọ̀ dalẹ́ á tẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sì ní kúrò mọ́.

Ibi ìsanwó ni mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ṣẹ èèyàn jù. Ẹni tó tò sílà kò ní ibi tó ń lọ. Ó lè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ojú rẹ̀ á sì máa wá ohun tó máa wò. Torí náà mo ṣe ìpolówó tó ń yí po láàárín ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀, mo fi orin sí i, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo débẹ̀, mo bá skíríìnì ní pípa. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ló fa wáyà rẹ̀ yọ. Mo bínú gan-an, mo sì sọ̀rọ̀ sí i níwájú àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti rí ohun tó ń dùn ún. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni orin yẹn ń yí po láàárín wákàtí kan. Wákàtí mẹ́wàá ló ń lò níbi iṣẹ́, ìyẹn ìgbà 240 lójúmọ́. Kó tó di ọ̀sán, orí ti ń fọ́ mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa ohùn náà, láti ìgbà yẹn mi ò fi ohùn sí skíríìnì ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́. Oníbàárà á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, òṣìṣẹ́ ló ń bá a gbé.

Tí kò bá sí ohùn, lẹ́tà ló máa sọ̀rọ̀. Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé ni pé kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ fún mítà mẹ́ta kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín òǹkàwé àti skíríìnì. Ẹni tó dúró ní mítà mẹ́fà nílò lẹ́tà sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Lórí skíríìnì 43 ínǹṣì tí ẹ gbé kọ́ níbùú, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀. Ẹ ò lè kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ síbẹ̀ nìyẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí ìlà kan, ó ti tó. Ẹni tó ń ṣe àwòrán fún yín á ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú imú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì hàn sí i kedere. Ẹ ní kó dìde, kó rìn sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun máa ṣẹ́jú wàìwàì lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń tàn tó ń kú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè gbé wárápá dìde lára ẹni tó ní in. Ìyá kan ló sáré gbé ọmọ rẹ̀ jáde nítorí ohun tí mo gbé síbẹ̀. Ọmọ náà kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú tí ìyá náà fi wò mí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀rọ̀ fláàṣì wá kù. Fún skíríìnì kan tí ẹ̀yin fúnra yín ń tọ́jú, ó lè ṣiṣẹ́. Tó bá ti di mẹ́ta, ẹnìkan á máa gbàgbé. Ẹ̀dínwó tó parí lọ́jọ́ Àìkú ṣì ń jáde lórí skíríìnì mi lọ́jọ́bọ̀, oníbàárà kan sì dúró síwájú wa, ó ní iye tóun rí lóun máa san. Ó tọ́ sí i, a tà á fún un bẹ́ẹ̀. Sọfitíwíà tó ń darí gbogbo skíríìnì láti ojú kan lẹ nílò, kí ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó máa wọlé àti ọjọ́ tó máa jáde. Xibo wà, ẹ lè gbé e sórí sáfà tara yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn yòókù, lọ́fẹ̀ẹ́. Anthias náà wà fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ṣeé so mọ́ skíríìnì. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ rí i pé ó ń kó fáìlì sínú ara rẹ̀, kó lè máa ṣiṣẹ́ lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já.

Tí ẹ bá lo Raspberry Pi, ẹ mọ̀ pé àwọn tó wà ṣáájú Pi 5 kò ní aago tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú wọn. Tí iná bá lọ, tó padà, tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní mọ aago tó lù. Tèmi ń gbé ìpolówó àárọ̀ jáde lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Iná tó ń lọ lójijì tún máa ń ba káàdì kékeré tó wà nínú rẹ̀ jẹ́, nítorí náà mo máa ń ní èkejì tí mo ti múra sílẹ̀.

Ẹ ronú sí ohun tí skíríìnì máa fi hàn nígbà tó bá dákú. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, àtúnṣe sọfitíwíà kan tó ní àbùkù láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, da kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró, àwọn èèyàn sì ń rí ojú búlúù tí Windows máa ń gbé jáde tó bá dákú lórí skíríìnì ní pápákọ̀ òfurufú káàkiri. Tiyín kò ní tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò rẹ̀ kó ṣókùnkùn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ sì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tó bá a wá lọ́jọ́ tí ẹ tú u nínú páálí, kí aláìnítìjú kan má baà gbé ìwà ìbàjẹ́ síwájú àwọn ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀bù yín.

Ní ti gbígba owó ìpolówó, ẹ má tíì gbà á. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí oṣù náà pé, ó béèrè pé ìgbà mélòó ni ìpolówó òun jáde. Mo mú àkọsílẹ̀ sọfitíwíà jáde tayọ̀tayọ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó ní òun ti wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, skíríìnì kú lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Òótọ́ ló sọ. Ẹnìkan ti fi rìmóòtù pa skíríìnì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò jáde kò mọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Mo dá ìdajì owó rẹ̀ padà, kò sì tún bá mi ṣòwò mọ́. Báyìí, mo ti tọ́jú rìmóòtù sílé, mo ń lo skíríìnì tó lè sọ fún sọfitíwíà bóyá òun wà ní títàn, òṣìṣẹ́ kan sì ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Tí ó bá jẹ́ èmi ni yín, màá fi skíríìnì inú lọ́hùn-ún sílẹ̀ ná, màá ra ti ibi ìsanwó nìkan. Fún ti fèrèsé, ẹ gé páálí kan kó tóbi bíi skíríìnì tí ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jáde síta ní aago mẹ́sàn-án, ní ọ̀sán, àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ rìn kọjá bí ẹni tó ń kánjú, kí ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí ẹ rí kà.