Iye akẹ́kọ̀ọ́ ni 6A ń kà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ń gbá fúbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní iléèwé ìpele 4A kan nítòsí Houston, ní Tẹ́ksáàsì. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n sanwó kí òun bá mi gbé e lọ sí 6A, pé kọ́ọ̀ṣì yunifásítì kì í wo ọmọ tó bá wà nísàlẹ̀. Ó ní àdírẹ́sì àbúrò mi ni ká lò. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ń bí mi, torí owó àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru ni wọ́n ń gbà.

Kò sóhun tó ń jẹ́ "ìsàlẹ̀" níbẹ̀. Premier League la fi ń wò ó: ẹgbẹ́ tó dáa á gòkè, èyí tí kò dáa á já wálẹ̀. Tẹ́ksáàsì ò rí bẹ́ẹ̀. UIL, àjọ tó ti wà láti ọdún 1910 tó ń darí ìdíje àwọn iléèwé ìjọba, iye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kà, ọdún méjì-méjì ló sì ń tún un kà. Iléèwé tí èrò ibẹ̀ kéré jù ló wà ní 1A, tí wọ́n ti ń fi ẹni mẹ́fà-mẹ́fà gbá a. Èyí tí èrò pọ̀ jù ló wà ní 6A. Iléèwé 6A lè fìdí rẹmi láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dópin, 6A náà ni yóò máa jẹ́. Iléèwé Aledo ńkọ́? Òun ló gba ife ìpínlẹ̀ jù, kò sì gba ọ̀kankan nínú rẹ̀ ní ìpele tó tóbi jù. Iléèwé Whitehouse tí Patrick Mahomes, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti gbá a lọ́dún 2013 náà ò sí ní ìpele tó tóbi jù nígbà yẹn.

Ti àdírẹ́sì yẹn ló léwu jù. Ọmọ tó ti gbá a níbòmíràn gbọ́dọ̀ mú fọ́ọ̀mù PAPF wá, ìyẹn fọ́ọ̀mù tó ń sọ nípa ibi tó ti gbá a tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin òbí á buwọ́ lù ú, iléèwé tó ń fi sílẹ̀ á sì sọ bóyá torí eré ìdárayá ló ṣe ń lọ. Tí ìgbìmọ̀ dístríìtì, ìyẹn àwọn iléèwé tí wọ́n jọ ń figagbága, bá rí i pé torí bọ́ọ̀lù ni, ó kéré tán ọdún kan ni kò fi ní lè gbá a ní varsity, tíìmù àgbà. Mo mọ ọmọ Yorùbá kan tó fi sáà tó gbẹ̀yìn jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú jínsì, tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìgò omi dání lálaalẹ́ Fúráìdè. Mi ò lè gbàgbé ojú ìyá rẹ̀.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ẹjọ́ kálukú sì yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ síbòmíràn lóòótọ́, tí gbogbo ilé sì ń bá a lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi olórí eré ìdárayá iléèwé náà.

Màmá, máàkì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tó bá gba ohun tí kò tó 70 nínú iṣẹ́ kan nígbà tí káàdì máàkì bá jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n á fi dá a dúró nínú bọ́ọ̀lù. Bó bá sì jẹ́ pé Division I, ìpele tó ga jù nínú eré yunifásítì, ló ń lé, NCAA, àjọ tó ń darí eré náà, á bèèrè kọ́ọ̀sì pàtàkì 16. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn iléèwé rẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó ka iye tó ti ṣe nínú wọn fún yín.