Èsì: Ìdí tí Democrat àti Republican fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ẹja pípa pọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé kí ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn ń wá pọ̀ nínú Congressional Sportsmen's Caucus, àti bóyá àwùjọ náà lágbára láti ṣòfin. Kò lágbára bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1989 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ibi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ẹja pípa jẹ lógún ti ń fikùn lukùn ni, kí àbá tó dé iwájú ilé aṣòfin.

Ẹ wo ti ọdún 2023. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ túmọ̀ òfin ìbọn ọdún 2022 sí pé owó ìjọba kan kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún kíkọ́ ọmọ ní ọfà títa tàbí ìmọ̀ ọdẹ mọ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì gbé àbá àtúnṣe dìde: 424 aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́, Ààrẹ Biden sì buwọ́ lù ú lóṣù kẹwàá.

Lójú tèmi, owó ló so wọ́n pọ̀ jù. Òfin Pittman-Robertson ti ọdún 1937 ń gba owó orí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn àti ọta, ó sì ń dá a padà fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi tọ́jú ẹranko ìgbẹ́; òfin ọdún 1950 ṣe irú rẹ̀ fún ohun èlò ìpẹja. Ìpínlẹ̀ tó bá sì ná owó ìwé àṣẹ ọdẹ sórí nǹkan mìíràn lè pàdánù ìpín rẹ̀, yálà Democrat ni gómìnà ibẹ̀ tàbí Republican.